Ọ̀fun Méjìlá

Mo ra bàálù ogun kan sínú kọ̀ǹpútà mi ní Lincoln.
Ìyẹ́ rẹ̀ pé. Ìṣó ara rẹ̀ ṣeé kà.
Kódà kòkòrò tó kú mọ́ gíláàsì iwájú
ń dán nígbà tí mo bá kọjú sí oòrùn.
Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tan ẹ́ńjìnnì,
ohùn kan jáde bí ẹ̀rọ ìlọta nínú garawa:
wùùù lókè, wùùù nílẹ̀,
wùùù nígbà tí ọ̀tá ń hú mi níyẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí kò lámì ni.
Bí ẹ bá kọ igba sílẹ̀ tí ẹ kò pinnu àmì rẹ̀,
báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá iye nǹkan lẹ ní lọ́kàn,
tàbí ohun tí a fi ń bumi, tàbí àsìkò,
tàbí okùn tó gbé ẹlẹ́mu dé orí ọ̀pẹ?
Ẹ̀rọ tó ní ọ̀fun méjìlá,
kó wá máa fi ẹyọ ohùn kan sọ̀rọ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìsinmi mi níbi tí a ti ń di ẹrù.
Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó lórí nítorí atẹ́gùn,
mo dúró lẹ́bàá wáyà pápá òfuurufú kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bíìtì,
wákàtí mẹ́ta, ẹsẹ̀ mi nínú ẹrẹ̀.
Nígbà tó kọjá,
ohun tí mo gbà sílẹ̀ ni ìjì, ajá,
obìnrin kan tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ kó tu koríko ẹnu rẹ̀ dànù,
àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin òtítọ́.

Mẹ́rin náà ni mo gé, tí mo lẹ̀, tí mo nà, tí mo ká,
títí di aago méjì òru.
Mo sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ ní èdè tí wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún:
Gbùrùgbùrù, ti ìgbà tó bá ń gun òkè.
Pàrà-pàrà-pà, ti ìgbà tí a bá dẹwọ́ epo lójijì.
Fíì tín-ín-rín, ti atẹ́gùn lẹ́nu ìbọn tó ti yìn tán.
Hùn-ún, ti ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń lé e.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn.
Ọ̀gbẹ́ni Mawer, aládùúgbò, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.
Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ ariwo sílẹ̀.
"Ó tètè jí jù," ló wí.
"Láàárọ̀ òtútù, ó máa ń kólòlò ná.
Á wúkọ́ lápá kan. Á dákẹ́. Wàá ní ó ti kú.
Lẹ́yìn náà..." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
Bàbá mi ì bá ti parí rẹ̀ fún un:
bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó ń fọ púlọ́ọ̀gì wọn.
Àwọn náà ni wọ́n gba etí lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ méjèèjì,
ó kó wọn sórí tábìlì mi bí ẹ̀wà,
ó gbé ọwọ́ lé sípíkà, ó dijú.
"Ìkarùn-ún ń pẹ́."
Mo wo ìlà ìró lójú kọ̀ǹpútà.
Lóòótọ́. Oorun ló ti ọwọ́ mi gé e wọ́.
Mo fẹ́ tún un ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú.
"Fi sílẹ̀. Ọ̀kan tí mo tọ́jú, ìkarùn-ún tirẹ̀ náà máa ń pẹ́.
Ọmọkùnrin tó ń wà á a máa rojọ́ mi lójoojúmọ́,
títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹ̀wà rẹ̀ padà sétí,
ó bi mí bóyá tíì wà.

Ẹni tí etí rẹ̀ bá mú á ní mo ṣàṣìṣe.
Òtútù mú lónìí.
Mo ti sípíkà mọ́ ògiri tó pààlà wa,
mo tan án.
Ó wúkọ́.
Ó dákẹ́.
Mo dúró.